Bí ìwé Èkó bá dákẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú ìwádìí ìtàn àwọn ọlọ́pàá, ẹ fetí sí àṣìṣe tí mo ṣe kí tiyín lè dín kù. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lórí àwọn ọlọ́pàá Haúsá tí Glover, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, kó jọ lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ìwé ìjọba Èkó nìkan ni mo kà. Nígbà tí mo dé 1873, mi ò rí púpọ̀ nínú wọn mọ́. Mo wá kọ ọ́ pé wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Olùkọ́ mi fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà, ó ní, "Wọ́n lọ síbo?"

Gólúkóòsì, ìyẹn Gánà òde òní, ni wọ́n lọ. Ogun Aṣáńtì ló dé, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní Sagrenti láti ara orúkọ Sir Garnet Wolseley, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ni ìjọba ti kó Haúsá wá, Glover pàápàá kó tirẹ̀ gba apá odò Volta. Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi, olú-ìlú Aṣáńtì, ní oṣù kejì 1874, ogun parí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ò padà wálé. Àwọn ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Gólúkóòsì sílẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi ni pé, kí ló dé tó fi rọrùn láti gbé wọn kiri? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Wọn ò ní ẹbí l'Ékòó tí wọn yóò máa dójú tì bí wọ́n bá nawọ́ mú ará ìlú. Àlejò lójú, kò fi ríran, irú ojú yẹn gan-an ni ìjọba sì ń wá. Ẹni tí ò lẹ́bí l'Ékòó ò lẹ́bí ní Accra náà.

Ọ̀gá òyìnbó kì í nira láti tọpa. Nígbà tí wọ́n tú ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ní Palẹ́sítínì ká ní 1948, Nicol Gray tó jẹ́ olórí wọn ló lọ ṣe olórí ọlọ́pàá Màlàyà, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Richard Catling náà kúrò ní Palẹ́sítínì lọ Màlàyà, ó tún dé Kẹ́ńyà. Orúkọ wọn wà nínú ìwé gbogbo ibi tí wọ́n dé. Ti kọ́ńsítébù ló ń dùn mí. Nígbà míì, orúkọ ìlú ni wọ́n kàn fi há a lẹ́yìn orúkọ tirẹ̀, Kano tàbí Ṣókótó.

Nítorí náà, bí ìwé Èkó bá dákẹ́, ẹ béèrè ti Gólúkóòsì. Láti 1874 títí di 1886, abẹ́ ìjọba Gólúkóòsì ni Èkó fúnra rẹ̀ wà, àwọn lẹ́tà tí ẹ ń wá lè ti wà lọ́hùn-ún.