Ta Ní Ń Ṣán Ọ̀nà Náà?

Ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó sídìí tábìlì, ìwé kékeré tí mo máa ń kọ ìrìn mi sí wà níwájú mi, bàtà òkè mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ kò tíì gbẹ tán ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mo kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọ̀nà òkè méjìlá ni mo máa rìn nínú igbó Chattahoochee, ọ̀kan lóṣù kan. Méje ni mo rìn. Síbẹ̀, tí mo bá wẹ̀yìn wò, n kò rí ọdún tí mo jẹ̀gbádùn òkè tó báyìí rí látìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ibẹ̀: igbó ìjọba àpapọ̀ ni Chattahoochee, ní àríwá ìpínlẹ̀ Georgia. Tí ènìyàn bá wa mọ́tò kúrò ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Atlanta, kò ju wákàtí méjì lọ. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 750,000 éékà, òkè ló tò tẹ̀ lé ara wọn, odò ń ṣàn láàárín wọn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì gba inú wọn kọjá. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Orí òkè ni wọ́n bí àwọn òbí ìyá mi sí, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Georgia kí n tó mọ̀ pé òkè wà nítòsí mi. Mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mò ń sun oorun ọ̀sán, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó tán.

Ní oṣù kìn-ín-ní, èmi àti Ìyá Ìbejì ìjọ wa lọ sí Amicalola. Ọgbà ìpínlẹ̀ ni ibẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, àmọ́ ọ̀nà kan wọnú igbó láti ibẹ̀ lọ sí òkè Springer. Omi ń já bọ́ láti 729 ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn 604 ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn rán mi létí ilé tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe màmá mi lórí fóònù, tí mo sì fi omi náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọn kò sọ pé ó dára. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ní ń ṣán ọ̀nà ibẹ̀?"

Mo ní, "Ìjọba ni, Màámi."

Wọ́n ní, "Ìjọba lè sanwó o. Ta ní ń mú àdá?"

N kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn.

Oṣù kejì, yìnyín lé wa padà ní ìdajì òkè Blood Mountain. Oṣù kẹta, a lọ sí Springer, 3,782 ẹsẹ̀ bàtà. Láti 1958 ni ibẹ̀ ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Appalachian ní apá gúúsù, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ju 2,190 máìlì lọ títí dé Maine. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ rìn ín já pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹrù lẹ́yìn wọn bí ti aláàárù. Oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa lò lọ́nà. Ọmọkùnrin kan fẹnu ko ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sára àpáta níbẹ̀. Àmì kékeré ni, íǹṣì méjì ní fífẹ̀, íǹṣì mẹ́fà ní gígùn, igi lẹ́yìn igi ni wọ́n kùn ún sí láti Georgia títí dé òpin. Mo dúró wò ó, mo sì ń rò ó pé ẹnì kan ló gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì dé ìdí gbogbo igi yẹn.

Oṣù kẹrin ni mo tó dé orí Blood Mountain. 4,458 ẹsẹ̀ bàtà ni, kò sí ibi tí ọ̀nà Appalachian ti ga tó bẹ́ẹ̀ ní Georgia. Ilé olókùúta kan wà lókè níbẹ̀, inú rẹ̀ tutù, ó sì dúdú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin CCC (Civilian Conservation Corps) ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà tí ìjọba sì kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ wọ igbó lọ gbin igi, la ọ̀nà, kọ́ ilé. 30 dọ́là ni owó oṣù wọn, 25 nínú rẹ̀ ló sì ń lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ará ilé wọn. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Èmi tí mò ń fi owó ránṣẹ́ sí Ìdànrè lóṣooṣù, mo mọ irú ọwọ́ tó to òkúta yẹn.

Ìgbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà náà ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, nítorí òkè náà dúró ṣánṣán. Òjò ti rọ̀, ó ti rẹ̀ mí, mo sì rí ẹ̀bùrú tí àwọn ènìyàn ti gbà ṣáájú mi, ó gba àárín igi já sí ọ̀nà nísàlẹ̀. Mo gbà á. Mo ti gba irú rẹ̀ ní Springer náà. Ewé tútù yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo fi ọwọ́ òsì gbára dúró, ọrùn ọwọ́ náà sì rọ́. Kò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn kò fi jẹ́ kí n gbé aláìsàn níbi iṣẹ́, owó àṣekún lọ, owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé sì dín kù. Ó dùn mí gan-an, nítorí oògùn màmá mi wà nínú owó yẹn.

Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni mo wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọn. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Georgia Appalachian Trail Club, 1930 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń tọ́jú nǹkan bíi máìlì 78 tí ọ̀nà Appalachian gbà ní Georgia, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Mo pe màmá mi, mo ní, "Màámi, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń ṣán án." Wọ́n ní, "Ẹn-hẹ́n. Mo mọ̀ pé ènìyàn ni."

Oṣù kẹjọ, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí Brasstown Bald, òkè tó ga jù ní Georgia, 4,784 ẹsẹ̀ bàtà. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ìpínlẹ̀ mẹ́rin lèèyàn ń rí láti orí rẹ̀. Ìtàn orúkọ ibẹ̀ ká mi lára. Àwọn Cherokee tó ni ilẹ̀ náà ń pè é ní orúkọ tó túmọ̀ sí ibi tí ewé tútù wà. Àwọn òyìnbó gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, tó túmọ̀ sí idẹ, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ìlú idẹ. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣàì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, bí ohùn kan bá yí, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí góòlù lágbègbè Dahlonega ní nǹkan bí 1828, nígbà tó sì di 1838, àwọn sójà fi ìbọn lé wọn kúrò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí 4,000 ló sì kú. Àwọn ènìyàn tèmi fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n sì lè gòkè padà lọ ṣe ọdún wọn. Mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún ọmọ mi lórí òkè náà. Ó gbọ́ ọ, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí mọ́tò.

Oṣù kẹsàn-án, mo lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni wá, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì. Bàbá tó ṣáájú wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. N kò lè la orúkọ mọ́ wọn lórí, "bàbá" ni mò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ mi. Wọ́n gbé ọkọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ gùn dé àyà mi, èèyàn kò ní bẹ̀rẹ̀ lò ó bíi ti ilé, ṣùgbọ́n irin rẹ̀, ọkọ́ ni. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Bàbá náà ní omi ló ń jẹ ọ̀nà, ẹsẹ̀ ènìyàn kò tó o. Òkúta tàbí ìtì igi ni wọ́n máa ń tẹ́ la ọ̀nà kọjá, tí wọ́n á jẹ́ kó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi òjò tó ń bá ọ̀nà bọ̀ lè kọlù ú kó sì yà sínú igbó. Tí ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bá dí i, omi á gun orí rẹ̀ kọjá, á máa wa ọ̀nà lọ títí tí gbòǹgbò á fi yọ síta. Mo kó ewé kúrò, mo gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo la ẹnu rẹ̀ síta ní ìwọ̀n apá méjì. Bàbá náà wá tú omi láti inú ìgò wọn sórí ọ̀nà. Omi náà rọra ṣàn, ó dé ibi òkúta, ó dúró díẹ̀, ó kó eruku mọ́ra, ó sì yà. Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ bá ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn la lọ dí ẹ̀bùrú. Kì í ṣe èyí tí mo ṣubú sí, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹnì kan gbà á, ẹ̀ẹ̀kejì tẹ̀ lé e, koríko kú, omi rí ojú ọ̀nà tó dúró ṣánṣán, ó sì gbẹ́ ẹ di gọ́tà. Gọ́tà yẹn jìn dé orúnkún mi. Èmi náà wà lára àwọn tó gbẹ́ irú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀. A wọ́ igi òkú dí i látòkè délẹ̀.

Nígbà tí a sinmi, bàbá náà fi ọ̀mùnú kan hàn mí tó yọ láti ara gbòǹgbò àtijọ́. Chestnut ni. Àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní New York ní 1904 ló pa igi yìí ní bílíọ̀nù mélòó kan. Gbòǹgbò rẹ̀ kò kú, ó ń yọ, ṣùgbọ́n bó bá ti dàgbà díẹ̀, àrùn náà á tún pa á. Igbó tí mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ayébáyé, wọ́n ti gé e bàjẹ́ rí. 1911 ni ìjọba ra 31,000 éékà àkọ́kọ́, 7 dọ́là ni éékà kan, títí ó fi di Chattahoochee ní 1936. Gbogbo igi ńlá tó ṣíji bò wá lọ́jọ́ náà, ìgbà tí àwọn ènìyàn dáwọ́ gígé dúró ni wọ́n ráyè dàgbà.

Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ọdún tó parí. Ọ̀nà Amicalola dé Springer tí mo fẹ́ rìn já, n kò rìn ín. Raven Cliff, níbi tí omi ti ń já bọ́ láàárín àpáta, dára gan-an, àwọn tó kù náà dára. Bàtà tuntun jẹ owó ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, mo sì wakọ̀ lọ wo ibi tí mo gbẹ́ fún omi láti yà. Ewé ti tún bọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń bá ọ̀nà bọ̀, ó dé ibẹ̀, ó ń yà. Mo dúró nínú òjò, mo ń wò ó. Nígbà tí mo dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo pe màmá mi.

Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Tí ẹ bá ṣán ọ̀nà tán, kí lẹ máa ń jẹ?"

Mo ní olúkúlùkù ló ń mú búrẹ́dì tiẹ̀ dání.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Se nǹkan lọ fún wọn."

Iṣẹ́ ọ̀nà tó kàn bọ́ sí Sátidé kejì nínú oṣù kìn-ín-ní. Mo ti ra ẹ̀wà. Ewé eéran ni mo ṣì ń wá.