Ọdún tí mo gba kọ́kọ́rọ́ láàbù lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi

Ọdọọdún ni mo máa ń jókòó kọ irú èyí sínú ìwé mi, láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun, nígbà tí ilé ìwòsàn bá dákẹ́ díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí n gbé e síta, torí pé àwọn ẹbí mi gan-an ò mọ orúkọ tí wọ́n á pe iṣẹ́ mi. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé "dọ́kítà tí kì í fún èèyàn lóògùn" ni mí. Wọn ò parọ́. Àrùn arọmọléegun, tí àwọn mìíràn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell lédè Gẹ̀ẹ́sì), ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo sì ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè sọ́nà, kí ohun tí wọ́n bá rí nínú ìgò láàbù lè dé ẹnu aláìsàn lọ́jọ́ kan.

Ọ̀nà yẹn jìn. Ọdún 1949 ni Linus Pauling àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé inú ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n gan-an ni àléébù àrùn yìí wà. Ọdún 1998 ni ìjọba wọn tó fọwọ́ sí òògùn hydroxyurea fún àgbàlagbà tó ní in. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí àṣírí tú ti lè ní ọmọ-ọmọ kí òògùn tó dé. Bí ọmọ náà bá jẹ́ SS ńkọ́? Ta ló ṣẹ́ kù tí yóò lò ó?

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, èmi kì í fi Pauling bẹ̀rẹ̀. Orin àtà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, orin tí àwọn bàbá wa ń rún láàárọ̀. Lọ́dún 1971, Sofowora àti Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò àtà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ti ká bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Inú ìgò nìyẹn o, kì í ṣe inú èèyàn. Lẹ́yìn náà mo máa ń sọ ìtàn Niprisan fún wọn: àgbo tí oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, ọmọ Yorùbá, fi lé ilé ìwádìí òògùn ti ìjọba ní Àbújá lọ́wọ́. Iyèré wà nínú rẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, igi osùn, ewé ọkà bàbà. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn, wọ́n sọ ọ́ di kápúsù, ó dé ọjà lọ́dún 2006. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ wọ gbèsè lọ́dún 2008, ọ̀rọ̀ sì dojú rú. Màá wá bi wọ́n: níbo ni ọ̀nà ti já? Gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ sídìí sáyẹ́ǹsì.

Mẹ́fà ni wọ́n lọ́dún yìí. (Ọkọ mi ní kí n yé pè wọ́n ní ọmọ mi, kí aráyé má baà rò pé mo bí ìbẹfà.) Wọ́n dé nínú oṣù Kejì. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ láàbù lọ́wọ́ wọn. Mo ní fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí kílíníìkì bá wà, kí wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn láago mẹ́fà àárọ̀, láìwọ ẹ̀wù funfun. Ẹni tó bá bi wọ́n, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn ọjọ́ yòókù, kí wọ́n máa tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n kùn. Ọ̀kan ní, "Ẹ má bínú, mà, ṣé ẹ fi ń jẹ wá níyà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó kùn yẹn ló rí i. Bayokẹ́místírì ló kà, kò tíì bá aláìsàn kankan sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó ti ìyá kan tó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ìyá náà sì ń ṣàlàyé fún ẹnìkejì bó ṣe ń fún ọmọ lóògùn. Kápúsù hydroxyurea tí dọ́kítà kọ fún un jẹ́ miligíráàmù 500. Ọmọ náà wọn kílò 14. Bí a bá ní kó lo miligíráàmù 20 fún kílò kan, 280 ló yẹ kó mu. Báwo lèèyàn ṣe ń pín kápúsù? Ìyá yìí máa ń tú u sínú ife, á po omi mọ́ ọn, á fún ọmọ mu "bí ìlàjì", á wá bo ìyókù di ọjọ́ kejì. Ọwọ́ lásán ló fi ń tú u. Ó sì lóyún oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ aboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú kápúsù yẹn rárá.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ ìwé òògùn yẹn fún àwọn èèyàn. Mi ò bi ìyá kankan rí pé, "Báwo lẹ ṣe ń pín in?"

Ojú tì mí, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́ níbí, ti ń ṣe hydroxyurea. Ìyẹn nìkan ti gé ọ̀nà kúrú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọmọ 220 ní apá Àríwá, tó jáde lọ́dún 2022, fi hàn pé miligíráàmù 10 fún kílò kan àti 20, ọ̀kan ò ta èkejì yọ nínú dídènà rọpárọsẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé àwọn dọ́kítà ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ láti máa lo ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ ọmọ. Ṣùgbọ́n 10 ni o, 20 ni o, ta ló ń wọ̀n ọ́n nínú ilé ìdáná?

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti yí padà. A pinnu láti fún ìdajì àwọn ìyá ní òògùn olómi tí apòògùn ti pò sílẹ̀ pẹ̀lú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu tí wọ́n á fi máa fà á, kí ìdajì yòókù máa ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀kọ́. A wá ní láti kọ ìwé ìfọwọ́sí ní Yorùbá. Ẹ gbà mí! Mo rò pé ọ̀sán kan la máa fi ṣe é.

A kọ ọ́ pé "a fẹ́ ṣe ìwádìí". Ìyá àgbà kan ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ó yọ awò ojú rẹ̀: "Kí lọmọ mi jí?" Òótọ́ ni, létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ọlọ́pàá ló ń ṣèwádìí. Bí a ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe àwa la máa yan ẹni tó máa gba èwo tún le ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi kọ ọ́ pé ó "dà bíi tẹ́tẹ́". Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó dìde. A yí i sí "dìbò". Bàbá kan bi wá pé ẹgbẹ́ wo ló gbé wa wá. "Ṣẹ́ kèké" la wá fàbọ̀ sí, àwọn aláìsàn fúnra wọn ló sì bá wa yàn án lórí bẹ́ǹṣì. Tó bá jẹ́ inú ọ́fíìsì la jókòó sí, "tẹ́tẹ́" ni ì bá wà nínú ìwé náà títí dòní.

Oṣù méje ni ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí fi pẹ́. Oṣù Kọkànlá la bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àdánù: fúrísà kú lópin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Keje. Wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù, ẹni tó yẹ kó pè mí ò ní owó ìpè lórí fóònù. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti kó jọ fún ọdún méjì yọ́. Mo sunkún nínú mọ́tò. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí gbogbo wọn wá wò ó, kí wọ́n fi imú gbóòórùn rẹ̀, nítorí kò sí ìwé tó ń kọ́ni níyẹn. Bóyá ìkà ni mo ṣe, mi ò mọ̀.

Ẹni méjì ti lọ, ọ̀kan sí Ìlú Ọba, ọ̀kan sí Kánádà. Tẹ́lẹ̀, màá ti bínú. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀rí fún àwọn méjèèjì, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Ẹnì kan ṣì wà tó jẹ́ pé èmi ni mo lé e: mo fi ọ̀rọ̀ gún un níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí àṣìṣe kékeré, ó sì ti wà ní báńkì báyìí. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Màá tún pè é.

Ìwé ìwádìí kan péré la tẹ̀ jáde. Owó ìwádìí méjì tí a tọrọ, wọ́n ní rárá. Ọ̀gá mi wo ìyẹn, ó mí kanlẹ̀.

Ní kílíníìkì tó kẹ́yìn ọdún, ìyá onífe yẹn dé. Ó ti bímọ láti oṣù Kẹfà, obìnrin ni. Ó ti ń sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun náà láti ìgbà yẹn, a ò sì fipá mú un. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ti pé, àsìkò tí ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tán, tí ìka ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bó bá jẹ́ SS. Ó gbé ọmọ náà lé ọmọkùnrin mi onibayokẹ́místírì lọ́wọ́, ó ní, "Dọ́kítà, ẹ bá mi dì í mú, mi ò lè wò ó." Kì í ṣe dọ́kítà, kò sì ní àkókò láti sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún gìgísẹ̀ ọmọ, ọmọ figbe ta, òun náà sì di ojú.

Èsì ò tíì jáde. Láàbù ti wà ní títì di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, àmọ́ ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí WhatsApp bóyá òun lè gba kọ́kọ́rọ́.