Ojú Ẹ̀ Ò Sí Nílé

"Má fọwọ́ kàn án o. Ojú ẹ̀ ò sí nílé."

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lónìí nìyẹn, òun náà ló sì gbé mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ààjìn yìí, nígbà tó yẹ kí n ti máa hanrun. Ìyá kan láàárín àwọn alásè ló sọ ọ́ fún ọmọ kékeré kan tó fẹ́ wá fọwọ́ kan awò tí mo dì mọ́jú, èyí tí mo fi ń rí ohun tí dróònù mi ń rí bí mo ṣe ń fò ó. Kò bú mi. Kò tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń kìlọ̀ fọ́mọ pé iná wà nínú ààrò yẹn, má sún mọ́ ọn.

Iṣẹ́ òní kò ní ìtàn: a lọ sí Bódìjà, a fi dróònù ya fídíò gbọ̀ngàn àríyá tuntun ti ọ̀gá yẹn (ẹni tó máa ń ní, "ṣé o lè ṣe é bíi ti Amẹ́ríkà?"), a fò títí a fi rí èyí tó dáa mú, wọ́n fún wa ní ìrẹsì, a padà sílé. Ó tán.

Gbólóhùn yẹn ni kò tán.

Mo kọ́kọ́ rò pé kò dùn mí. Nígbà tí a dé Mọ́kọ́lá, tí gósílóò dá wa dúró, mo rí i pé mo ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ojú ẹ̀ ò sí nílé. Ojú ta ni? Ilé wo? Ọkùnrin tó jókòó sórí àga oníke lẹ́yìn ilé ìdáná, tó la ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ (àbúrò mi ló máa ń sọ pé ẹnu mi máa ń là, mi ò gbà), tí àtàǹpàkò méjèèjì nìkan ń mì lórí rìmóòtù. Ẹni tó bá rí i á ní ó ti sùn lọ lórí ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ lákòókò yẹn gan-an, mo wà lábẹ́ àjà gbọ̀ngàn, mò ń yí iná ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sáàárín po, mò ń gba abẹ́ tábìlì ìyàwó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jẹ mí níyà gan-an. Mo rí ara mi.

Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ ni pé kó jẹ́ fídíò kan ṣoṣo, a ò gbọdọ̀ gé e: ká bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń dáná, ká gba orí àwọn ìkòkò ńlá, ká wọ ojú fèrèsé tí wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ, ká wá já sí inú gbọ̀ngàn. Àga mi wà lójú ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí mo bá gbéra, mo máa ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó di awò dúdú mọ́jú. Mo mọ̀ pé èmi ni. Ọwọ́ mi ló ń gbé mi kọjá lára mi. Mi ò sì lè ṣe kí n má wò ó. Ẹni tí mo rí lórí àga yẹn, kí n má purọ́, kò wù mí púpọ̀. Ó dà bí ẹni tí kò sí níbì kankan.

Ṣé ohun tí ìyá yẹn rí nìyẹn?

Mo ti ṣí fídíò náà wò lálẹ́ yìí. Ó wà níbẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ẹnu rẹ̀ ń lọ, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lọ, fèrèsé ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Avata 2, dróònù tí mò ń fò, kò ní ohun tí ń gba ohùn sínú, kódà bó bá ní in, igbe abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó ń gbé e fò nìkan ni yóò gbà. Ariwo náà ló jẹ́ kí ìyá yẹn gbóhùn sókè tí mo fi gbọ́ ọ. Gbogbo wa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí la mọ fídíò ilé eré bowling tí wọ́n yà ní Minneapolis lọ́dún 2021, èyí tí dróònù kékeré kan wọlé látìta, tó gba àárín àwọn èèyàn, tó já sẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń to igi eré, láìgé rárá. Ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ti fi í sí i. Ẹni tó bá ń wò ó á rò pé dróònù ló gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò sí nínú fáìlì kankan. Etí mi nìkan ló gbé e wálé. Ojú mi tó jáde lọ rí ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi tó jókòó gbọ́ ọ, kò rí i. Mo ti tò wọ́n pọ̀ lálẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti dé, mo sì ń dá a padà sẹ́yìn léraléra bí wèrè.

Mo bi àbúrò mi. Òun ló ń ṣọ́ mi. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni pé ẹni tó bá di awò mọ́jú fò níta gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fi ojú lásán tẹ̀ lé dróònù náà, nítorí ẹni tó ń wo iwájú dróònù kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nílé tiwa yìí náà, mi ò gbéra láìsí i. Òun ni ojú mi tó kù nílé, bí a bá fẹ́ bá ìyá yẹn jiyàn. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nígbà tí ìyá náà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Kí lo rò nípa ohun tí ìyá yẹn sọ?" Ó ní, "Ìyá wo, Bọ̀ọ̀dá mi? Ṣé èyí tó fún wa ní ẹran ni?"

Ó ti gbàgbé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọdún tó kọjá mọ̀ pé Bàbá ò ríran mọ́, ìdí nìyẹn tí irú gbólóhùn yẹn kò fi lè wọ ilé wa. Wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe máa ń bi mí: "Kí lo rí lónìí?" Mo sọ fún wọn: àjà gíga, iná ńlá, aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, ìkòkò tó ń ru. Wọ́n ní kí n sọ ti Òkè Àárẹ̀. Mi ò dé Òkè Àárẹ̀ lónìí, wọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ló mú mi gun ilé ìṣọ́ Bower tó wà lórí òkè náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a gba àkàsọ̀ tó ń yí po yẹn dé òkè pátápátá, èyí tí wọ́n ti kọ́ láti 1936, tí a sì wo gbogbo Ìbàdàn láìsí bátìrì, láìsí rìmóòtù. Wọ́n ní, "Ṣé páànù orí ilé wọn ṣì pupa?" Mo ní ó pupa, Bàbá. Aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé ti gba àárín wọn báyìí, pàápàá lápá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun, ṣùgbọ́n mi ò fi ìyẹn kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọ̀gá oní-gbọ̀ngàn wá fẹ́ kí n lọ fò láti orí Cocoa House kí n rọ́ wá sílẹ̀, kí fídíò wá bọ́ láti Dùgbẹ̀ sí Bódìjà, bí ẹni pé àgbàlá kan náà ni wọ́n. Àjà 26 ni! Mítà bí 105, ilé tó ti wà níbẹ̀ láti 1965. Nǹkan tó bá já bọ́ láti orí rẹ̀ kò ní lò tó ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé àṣẹ ńkọ́? Ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ti NCAA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ti àwọn tó ni ilé?" Ó wo dróònù náà, gíráàmù 377, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé nítorí nǹkan kékeré yìí?" Mo ní kó lọ bi wọ́n. Kí n sọ òótọ́ fún ẹ̀yin nìkan: ó wù mí. Mo ti fò ó lórí kọ̀ǹpútà, nínú ìdánrawò, láìmọye ìgbà. Ká yí orí dróònù kojú ilẹ̀, ká dín agbára abẹ̀bẹ̀ kù, kí fèrèsé máa sá lọ sókè...

Ibẹ̀ ni mo ti wá ń rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá. Mi ò lo rìmóòtù tí wọ́n ń fì lọ́wọ́, èyí tí dróònù máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí èèyàn bá fi í sílẹ̀. Ọ̀pá méjì ni mò ń lò, níbi tí ẹ̀rọ kò ti ní bá ọ tún nǹkan ṣe: bó o bá jẹ́ kó tẹ̀ sápá kan, tó o wá fi ọwọ́ sílẹ̀, títẹ̀ náà ni yóò máa tẹ̀ lọ títí yóò fi rí ògiri. Kò sáyè fún ìrònú mìíràn. Owó iléèwé, oògùn Bàbá, ìpè tí mi ò tíì dá padà, kò sí èyí tó lè bá mi wọnú awò yẹn. Bátìrì ni kì í jẹ́ kó pẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìṣẹ́jú 23, afẹ́fẹ́ dídákẹ́ ni wọ́n fi wọn ìyẹn. Irú fífò tiwa kò dé ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń bì bí wọ́n bá di awò yìí mọ́jú. Ojú á ní a ń lọ, etí inú á ní a jókòó, inú á sì máa ru láàárín àwọn méjèèjì. Èmi kì í bì. Ó máa ń dùn mọ́ mi ni. Bóyá ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gan-an nìyẹn, pé ojú mi ò sí nílé, tí inú mi sì dùn pé kò sí.

Tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá àánú ọmọ yẹn ló ṣe ìyá náà, kí abẹ̀bẹ̀ má ṣe é léṣe. Abẹ̀bẹ̀ náà wà nínú òrùka ìdáàbòbò tó yí i ká, ìdí nìyẹn tá a fi lè mú un wọ àárín èèyàn rárá, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ìyá? Tàbí àánú tèmi ló ṣe é, kí wọ́n má ta mí jí. Bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń sùn, a kì í jí i lójijì... Mi ò mọ̀. Bí mo bá tún rí i, mi ò ní bi í. Kí ni mo fẹ́ bi í?

Ọ̀gá ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní fídíò dùn, ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n kí n yọ àwọn alásè kúrò níbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ pé gbọ̀ngàn nìkan ló kù, "kí ó lè jọ ti òkè òkun." Òun náà tó ní a ò gbọdọ̀ gé e. Mo ti dá a lóhùn pé ọ̀nà ilé ìdáná ni dróònù gbà wọlé, kò sí ibòmíràn tó ti wá. Tó bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn, á san owó ìfò mìíràn, ìdajì ṣáájú.