Abọ́ kan ṣoṣo tí mo da nọ́súlù mẹ́fà sí

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan débi pé àwọn ará ilé kejì jáde wá wò wá. Nọ́súlù (ẹnu tó ń fọ́n epo dísù sínú ẹ́ńjìnnì) ọkọ̀ 911, akẹ́rù Mẹ́sídíìsì, ti oníbàárà kan la fẹ́ pààrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Mo wọlé lọ mu omi. Kí n tó jáde, ọmọ náà ti tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ti da gbogbo abẹ́rẹ́ wọn, irin tín-ín-rín tó ń ṣí tó sì ń pa ẹnu nọ́súlù, sínú abọ́ dísù kan ṣoṣo. Wọ́n ní ìbínú mi pọ̀ jù. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ èyí tó bàjẹ́ kí ẹ tó máa tú nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá dẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà, òun ni. Aṣọ tó nípọn ni kí ẹ fi bò ó, ẹ má sì gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀ láéláé. Nọ́súlù 911 máa ń ṣí ní nǹkan bí 200 bar (bar la fi ń wọn agbára tí epo tàbí atẹ́gùn fi ń tì), bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn táyà ọkọ̀ ńlá kì í sábà ju 7 tàbí 8 lọ. Dísù tó bá tú jáde níbẹ̀ lè wọ ẹran ara. Ojú ibi tó gbà wọlé á dà bí ìgbà tí ẹ̀gún gún èèyàn lásán, ọwọ́ á sì máa bàjẹ́ láti inú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Èkejì, wáṣà bàbà, òrùka pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ nọ́súlù. Bí nọ́súlù bá jáde tí wáṣà kò bá a jáde, ìsàlẹ̀ ihò ló wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ wá a jáde, ẹ má to tuntun lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, oṣù Kejìlá, ọyẹ́ mú. Bàbá kan tó ń fi 911 kó kòkó láti Ìdànrè ní kí ọ̀gá mi wá sílé òun, nítorí èéfín dúdú ń tú, ọkọ̀ ò sì lè gun òkè mọ́. Ọ̀gá gba owó, ó ní iṣẹ́ mìíràn ń dúró de òun, ó fi èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nọ́súlù tuntun mẹ́ta ni owó bàbá ká, a óò fọ mẹ́ta tó kù. Mo tú gbogbo wọn sínú abọ́ ìfọṣọ, àtuntun àtògbólógbòó, mo fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ kí ọ̀gá bá a pé iṣẹ́ ti parí. Abẹ́rẹ́ tí ọwọ́ mi bá ti bà ni mò ń tì bọ ilé (ara nọ́súlù tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀) tó bá wà nítòsí. Ẹ̀gbọ́n yẹn dúró tì mí. Ó rí i, kò sọ nǹkan kan. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn, tirẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Abẹ́rẹ́ àti ilé rẹ̀, wọ́n lọ̀ wọ́n bára mu láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Àlàfo àárín wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sísanra irun orí kan. Ẹ rì í sínú dísù tó mọ́, ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ gbé e dagẹ̀rẹ̀, kí ẹ jọ̀ọ́ sílẹ̀. Ṣe ló yẹ kó rọra yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Bó bá há, ìdọ̀tí wà níbẹ̀, tàbí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ aṣọ ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi.

A yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù, ọkọ̀ jí. Ó ń tú èéfín funfun, ó sì ń dún kó-kó-kó. Ẹ̀gbọ́n ní tó bá rìn díẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá di kòkó kún un. Nọ́súlù kan wà tí kò fọ́n dísù bí ìkùukùu mọ́, ṣe ló ń kán an sórí pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, tí iná ń jó lójú kan náà. Orí pístìn lu. Bàbá sun ẹ̀gbẹ́ títì lóru ọjọ́ yẹn, ó ń ṣọ́ kòkó rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí mi. Ìyá mi ta aṣọ òkè rẹ̀ méjì sí owó pístìn náà. Ọ̀gá tún fi ọdún kan kún ọdún ìkọ́ṣẹ́ mi. Bàbá kò ṣépè. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n kọ́ ẹ?" Ọ̀gá dúró níbẹ̀, n kò lè dáhùn.

Nítorí náà, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè. Bó bá jágbe mọ́ yín, ẹ tún bi í. Ẹni tó gbowó ẹ̀kọ́ tí kò kọ́ ọmọ, olè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń gbàdúrà lọ́jọ́ fírídọ̀mù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo gbé agolo mílíìkì mẹ́fà jáde, mo fi ọ̀dà kọ 1 dé 6 sí wọn lára. Èmi àti ọmọ náà jókòó, a ń dán abẹ́rẹ́ wò nínú ilé nọ́súlù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. A kó wọn lọ sọ́dọ̀ kàlíbrétọ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ dán nọ́súlù wò, lọ́jọ́ kejì. Mẹ́rin fọ́n dáadáa, méjì ń kán. Mo ra méjì tuntun, owó mi ni mo fi rà á. N kò fi ọjọ́ kan kún ọdún rẹ̀.