Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta tó di ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Ìyá kan ló pè mí láàárọ̀, wọ́n ní ṣé èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn tọ́jú àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, mo ní èmi ni mà, wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi ní àwọn pẹ́ san owó tí wọ́n tún wá bu fáìnì lé e, rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn, 05/03/2024 ló wà lára ẹ̀. Mo ṣí database, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni mo bá níbẹ̀. Àyà mi já.

SQL Server, ètò tó ń tọ́jú database, là ń lò, login (orúkọ ìwọlé) tí mo fi ń kó fáìlì sínú ẹ̀, us_english ni èdè tó wà lórí ẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì rèé, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́. Tó bá kan 25/03/2024 ó máa pariwo pé out-of-range torí oṣù ò ju méjìlá lọ, àwọn yẹn ni mo fọwọ́ tún tẹ̀ tí mo rò pé ó ti parí. Àwọn tí ò pariwo gan-an ni wàhálà. Ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n wọlé, téèyàn bá yọ irú 04/04 kúrò, ọjọ́ 132 ló lè yí padà bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Àwọn tó pẹ́ san lóòótọ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó wá dà bíi pé wọ́n tètè san.

Ẹ má rò pé SET DATEFORMAT dmy, àṣẹ tó ń ní kó ka ọjọ́ ṣáájú oṣù, nìkan máa yanjú ẹ̀ o. Tí column (òpó inú tábìlì) yín bá jẹ́ datetime àtijọ́, irú èyí tó ń gba ọjọ́ àti aago pọ̀, tẹ́ ẹ bá wá kọ 2024-03-05 sí i lábẹ́ dmy, oṣù karùn-ún ló tún máa kà á sí! Ẹ kọ ọ́ ní 20240305 láìfi àmì kankan sí i, ìyẹn ò lójú méjì. Tó bá jẹ́ fáìlì ni wọ́n fún yín, ẹ kọ́kọ́ kó o wọlé bí ọ̀rọ̀ lásán, kẹ́ ẹ wá lo CONVERT(date, ọ̀rọ̀ náà, 103), 103 yẹn ló ń sọ fún un pé ọjọ́ ló ṣáájú, èdè yòówù kó wà lórí login.

Alẹ́ méjì ni mo fi to rìsíìtì ti database, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe ìyá yẹn padà, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti dá owó fáìnì wọn padà fún wọn. Ó ku ìwé ọdún 2023 tí n ò tíì yẹ̀ wò.