Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ló pa ata mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé bíi tèmi, ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí ní Bàrígà níbí. Sìmẹ́ǹtì ló kún gbogbo ilẹ̀, inú ike ọ̀dà àti àpò ìrẹsì la ti ń gbin ata. Ike 14 ni mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ ata rodo àti tòmátò yẹn láti hóró, mò ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ tí mo ṣí wọn sínú ike ni mo ra ìgbẹ́ adìyẹ. Tútù ni, ó ń ta mí lójú. Mo rò pé bó bá ṣe tutù tó ni agbára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ̀kúnwọ́ 2 ni mo bù sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tán nígbà tó ku ike 2.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jáde, etí ewé ti gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Mo ní òùngbẹ ni, mo bomi sí i. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo èyí tí mo bu ìgbẹ́ sí ti dorí kodò. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti dúdú, ó ń já lọ́wọ́. Mo fa èkejì, bákan náà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Ibẹ̀ ni ìyá onílé wa bá mi, wọ́n ní òórùn náà ti gba yàrá àwọn, kí n kó ìdọ̀tí yẹn kúrò. Ìdọ̀tí! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 6! Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo ti gbin òmíràn, wọ́n ti ń hù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìyẹ jẹrà kí ẹ tó lò ó. Ámóníà, ìyẹn èròjà tó ń ta ojú, tó wà nínú èyí tó tutù ló ń jó gbòǹgbò. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ bò ó kí òjò má baà ṣàn án lọ, kí ẹ sì máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù 3 kò pọ̀ jù. Ẹ tọwọ́ bọ àárín rẹ̀: bó bá ṣì gbóná, kò tíì tó. Bó bá ṣì ń ta ojú, kò tíì tó. Ìgbà tó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló tó. Nígbà náà pàápàá, agolo 1 mọ́ iyẹ̀pẹ̀ agolo 4 ni kí ẹ pò.

Ẹ lu ihò sídìí ike nítorí òjò oṣù kẹfà. Mo lu ihò sí tèmi o; mo ń sọ èyí nítorí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé omi ló pa wọ́n. Kì í ṣe omi. Ike 2 tí ìgbẹ́ kò kàn ṣì dúró títí di òní, omi kan náà ni gbogbo wọn mu.

Ní ti ewédú, ẹ da omi gbígbóná sí hóró rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ẹ tó gbìn ín, á tètè hù. Tẹ̀tẹ̀ kò ní wàhálà, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 ẹ ti ń gé e sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tútù yóò jó àwọn náà.

Mo ti ra ìgbẹ́ mìíràn, ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo fi ọ̀rá bò ó. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ṣì gbóná.