Ọjọ́ 31 tí ètò mi fò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ fáìlì log, ìyẹn fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ní ìlà-ìlà, ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé àṣìṣe tí mo ṣe nídìí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà.

Iléèwé kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wá láti Ìkọ̀lé àti Ìjerò, wọ́n ní àwọn gbìyànjú lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n ojú ìwé náà kò ṣí. Ọ̀gá mi ní kí n yọ gbogbo ìlà oṣù kìíní jáde nínú log. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń ka ọjọ́ àti wákàtí níbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń mú èyí tó bá wà láàárín "01/01/2024" sí "31/01/2024". Ìlà púpọ̀ jáde, kò sí ti ọjọ́ 31 kankan níbẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú lọ́jọ́ náà.

Irọ́ ni. Ọjọ́ tí a kà láti inú fáìlì, ọ̀rọ̀ lásán ni lójú Python títí a ó fi sọ ọ́ di ọjọ́, bí a sì ti ń to ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè náà ló ṣe ń fi wọ́n wéra, láti ọwọ́ òsì lọ. Ìdí nìyí tí "15/12/2023" àti "15/02/2024" fi ráyè wọlé, tí "31/01/2024 14:05:22" sì bọ́ síta, nítorí pé ó gùn ju "31/01/2024" lọ. (Bí ọdún bá ṣáájú, bí 2024-01-31, ìtò ọ̀rọ̀ àti ìtò ọjọ́ á bára mu, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.)

Mo wá lo datetime.strptime, irinṣẹ́ Python tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ọjọ́. Oṣù kejìlá àti oṣù kejì kúrò, síbẹ̀ ọjọ́ 31 kò padà, nítorí pé ọjọ́ tí a kò kọ wákàtí sí, aago 00:00 ni Python gbà á sí. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni pé kí ìlà náà má ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kìíní, kó sì ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kejì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé) ni sáfà wa (kọ̀ǹpútà tó gbé ojú ìwé náà) ń lò, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀: ọjọ́ 31 ti Adó bẹ̀rẹ̀ ní aago 23:00 ọjọ́ 30 nínú log.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ìlà tí kò ní ọjọ́ rárá. Strptime kọ̀ wọ́n, mo sì ní kí ètò náà máa fò wọ́n, láì mọ̀ pé àlàyé àṣìṣe ni wọ́n, pé ìlà tó wà lókè wọn ló ni wọ́n. Nígbà tí mo jẹ́ kí ètò náà máa rántí ọjọ́ tó kà kẹ́yìn, kó sì fún wọn ní ọjọ́ yẹn, mo rí i nínú wọn pé dátábéèsì, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú orúkọ wọn sí, ti ń kọ̀ àwọn tó ń wọlé láti ọ̀sán ọjọ́ 31. Mo gbé ìròyìn tuntun lọ bá ọ̀gá mi, mo tọrọ àforíjì fún ti àkọ́kọ́, wọ́n sì tún ìforúkọsílẹ̀ ṣí fún ọjọ́ méjì.